Nígbà Tí Ẹ̀rọ Géèmù Bá Ń Kógbá Sílé: Èwo Ni Kí Ilé Rà, Èwo Ni Kí Ó Tọ́jú?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé yìí lónìí kan àpò òbí, ó sì kan ọkàn ọmọ. Ní Otokiti níbí, ní Lọ́kọ́ja, kò ṣòro láti rí ilé tí irú àríyànjiyàn yìí ti ń wáyé: ọmọ ní PlayStation 5 ni òun ń fẹ́ nítorí pé òun ni ó lòde, bàbá ní PlayStation 4 tí ó wà nílẹ̀ kò tíì bàjẹ́, ìyá ní kí wọ́n kọ́kọ́ san owó ilé ẹ̀kọ́ ná. Nínú ilé mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn kò tíì ra ẹyọ kan rí, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bí àwọn bá ra PS4 nísinsìnyí tí ó ń kógbá sílé, owó àwọn lè wọ inú omi.

Èrò tiwa ni pé ìgbà tí ìran ẹ̀rọ kan bá ń lọ ni ilé tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n máa ń jèrè ọjà jù, bí ó bá mọ ohun tí ó ń rà. Ohun tí ó yẹ kí ó rà ni èyí tí yóò dúró sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é bá ti kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí Ìran Ẹ̀rọ Ṣe Ń Lọ

Ẹ̀rọ géèmù ní ìran bí ènìyàn ti ní ìran. Sony gbé PlayStation 2 jáde ní ilẹ̀ Japan ní oṣù kẹta, ọdún 2000. PlayStation 3 tẹ̀ lé e ní 2006, PlayStation 4 ní 2013, PlayStation 5 ní oṣù kọkànlá, ọdún 2020. Ṣùgbọ́n dídé ọmọ kò túmọ̀ sí ikú bàbá. Ó lé ní ọdún mẹ́fà tí PS3 ti dé kí Sony tó dá ṣíṣe PS2 dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, nígbà tí iye tí wọ́n ti tà káàkiri àgbáyé ti kọjá mílíọ̀nù 150.

Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀mí PS2 tún gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá lẹ́nu ilé géèmù mọ bí ó ti rí: bẹ́ǹṣì gígùn kan, tẹlifíṣọ̀n kan tàbí méjì, jẹnẹrétọ̀ tí ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń sanwó lórí ìdíje bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí PS2 fi pẹ́ níbẹ̀ kò ṣòkùnkùn. Owó rẹ̀ kò wọ́n, àwọn tí ń tún un ṣe pọ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ fi èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni òpómúléró ọ̀rọ̀ wa.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn kan ní ti PS2. Wọ́n lè nawọ́ àwo kan sí yín tí wọ́n kọ FIFA 2020 sí lára, tàbí ọdún tí ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. FIFA 14, tí ó jáde ní 2013, ni EA fi kádìí FIFA lórí PS2; ọdún yẹn náà ni Konami fi PES 2014 kádìí tirẹ̀. Àwo PS2 tí ó bá ru orúkọ ọdún tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, géèmù àtijọ́ ni, tí ẹnìkan pààrọ̀ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀, tí ó sì dà á kọ láìgba àṣẹ. Kì í ṣe ọjà ẹni tí ó ni ín, kò sì sí ẹni tí ń kó ojúlówó géèmù jọ tí yóò kà á kún.

Ojú ọ̀nà kan náà ni PS4 wà. FIFA 19, ti ọdún 2018, ni ó gbẹ̀yìn lórí PS3 àti Xbox 360. Ní ti PS4, EA Sports FC 26 ṣì jáde fún un ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni Sony ti kéde pé láti oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2026, géèmù PS4 kò ní jẹ́ pàtàkì mọ́ nínú ohun tí àwọn ń fún àwọn tí ń san owó PlayStation Plus. Ẹni tí ó bá gbójú sókè yóò rí i pé oòrùn PS4 ti ń lọ sí ìwọ̀ rẹ̀.

Àwo Jẹ́ Ohun Ìní, Ìyọ̀ǹda Kì Í Ṣe Ohun Ìní

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà ra géèmù lóde òní. Ọ̀kan ni àwo tí a ń kì bọ ẹnu ẹ̀rọ. Èkejì ni èyí tí a ń sanwó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a ó sì fi dátà fà á wọ inú ẹ̀rọ. Lójú ọmọ, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwo, a lè yá ẹ̀gbọ́n, a lè tà á, a sì lè fi ta àbúrò lọ́rẹ. Èyí tí a fà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyọ̀ǹda láti lò ó ni a san owó fún. Aṣọ àyálò ni, bí ó tilẹ̀ bá wa lára mu. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, tí ó ní kí àwọn tí ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ má ṣe pè é ní rírà láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún oníbàárà kedere pé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń tà fún un.

Ẹ wo ohun tí ojú ti rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, ọdún 2023, Nintendo fòpin sí títa géèmù ní ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Wii U àti 3DS. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje, ọdún 2024, Microsoft ti ti Xbox 360 pa. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, nígbà tí EA fẹ́ gbé EA Sports FC 24 jáde lẹ́yìn tí òun àti àjọ FIFA ti pínyà, ó kó àwọn FIFA àtijọ́ kúrò lórí àtẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ FIFA 18 tàbí FIFA 20 fún ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá àwo rẹ̀ kiri. Àjọ kan tí ń jẹ́ Video Game History Foundation gbé ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù keje, ọdún 2023: nínú gbogbo géèmù 100 tí ó jáde níbẹ̀ ṣáájú ọdún 2010, nǹkan bí 87 ni àwọn tí ó ni wọ́n kò tà mọ́.

Ti wa ní Nàìjíríà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Nígbà tí awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ lórí géèmù Helldivers 2 ní oṣù karùn-ún, ọdún 2024, ó hàn gbangba pé orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tí ó ju 170 lọ tí PlayStation Network kò ṣí ìlẹ̀kùn fún. Orúkọ Amẹ́ríkà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa fi ń wọlé, wọ́n sì ń ra káàdì dọ́là lọ́wọ́ alágbàtà. Bí wọ́n bá ti irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ pa, gbogbo géèmù inú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Dátà náà kò rọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún owó wọn títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Géèmù PS4 kan sì lè gba gigabáìtì 50, àwọn mìíràn ju 100 lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àwo ni a lè fọkàn tán. Àwo Call of Duty: Modern Warfare II tí ó jáde fún PS5 ní 2022, nǹkan bí megabáìtì 70 péré ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo ìyókù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń fà á. The Crew, eré ìdíje ọkọ̀ tí Ubisoft gbé jáde ní 2014, kò ṣeé ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n pa ìkànnì tí ó gbé e ró ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ọdún 2024, àwo ẹni tí ó ní àwo di ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí òbí máa bi ọlọ́jà: bí a bá já íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀rọ yìí, ṣé àwo yìí yóò ṣiṣẹ́? Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó fi í hàn yín lójú ẹsẹ̀. Àwo bọ́ọ̀lù PS4 tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè jókòó tì, kí wọ́n sì fi páàdì méjì díje láìsí dátà, ọjà nìyẹn.

Ìṣirò Owó

PS5 tí ó ní ẹnu àwo wà ní dọ́là 499 ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦470 ní ọjà ìjọba, nítorí náà iye yẹn kò tó ₦235,000. Lẹ́yìn tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù náà, dọ́là kan ti lé ní ₦1,500 nígbà tí ọdún 2024 fi parí. Dọ́là 499 kan náà wá di ohun tí ó lé ní ₦748,000, kí a tó ka owó ọkọ̀, owó ibodè àti èrè oníṣòwò. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2025, Sony tún fi dọ́là 50 lé e ní Amẹ́ríkà. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ẹ̀rọ bá ṣe ń dàgbà ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀. Ìran yìí kò tọ ipa ọ̀nà náà.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. PS5 ní aṣọ. PS4 ni ó ní àkísà. Géèmù tí wọ́n ti ṣe fún PS4 láti 2013 pọ̀ ju ohun tí ọmọ kan lè ṣe tán, ọ̀pọ̀ nínú àwo wọn sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ tà wọ́n kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ kún ti ẹ̀rọ tuntun. Àǹfààní mìíràn tún wà: PS5 tí ó ní ẹnu àwo lè ka àwo PS4, àfi díẹ̀ tí kò tó nǹkan. Àwo tí ẹ bá rà lónìí kò ní ṣòfò bí Ọlọ́hun bá pèsè owó ẹ̀rọ tuntun lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ra PS5 Digital Edition tàbí Xbox Series S pẹ̀lú èrò yìí, nítorí pé wọn kò ní ẹnu àwo. PS5 Pro tí ó jáde ní 2024 náà kò ní in. Ọ̀tọ̀ ni a ń ra ẹnu àwo rẹ̀.

Bí A Ṣe Ń Ra Ẹ̀rọ Tòkunbọ̀

Àbújá súnmọ́ wa ní Lọ́kọ́ja ju Èkó lọ, nítorí náà ẹni tí kò bá rí ohun tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn nílé lè dé Banex Plaza ní Wuse kí ó tó ronú Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ọjà Alábà. Níbikíbi tí ẹ bá ti rà á, ẹ kíyè sí nǹkan márùn-ún wọ̀nyí.

Èkínní, ẹ mú àwo tí ẹ mọ̀ pé ó dára dání, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Ẹ̀rọ tí ojú tí ó fi ń ka àwo ti ń kú kì í tètè fi ara hàn.

Èkejì, ẹ fetí sí fáànù rẹ̀. Bí ó bá ń ké fatafata láti ìbẹ̀rẹ̀, eruku ti kún inú rẹ̀, tàbí kí ooru ti bá a jà.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi wáyà HDMI sí i, kí ẹ sì mì í díẹ̀. Bí àwòrán bá ń lọ tí ó ń bọ̀, ihò rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí olùtajà yọ orúkọ àti àkáǹtì rẹ̀ kúrò lójú yín. Ẹ má ṣe gba ẹ̀rọ tí ó kún fún géèmù tí ó wà lórúkọ ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí ó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, gbogbo rẹ̀ á di títì.

Ẹ̀karùn-ún, PS4 ní bátìrì kékeré kan, CR2032, tí ń gbé aago inú rẹ̀ ró. Tẹ́lẹ̀, bí bátìrì náà bá kú tí ẹ̀rọ kò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì Sony, ó lè kọ̀ láti ṣí géèmù. Àtúnṣe 9.00 tí Sony gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2021, ni ó yanjú rẹ̀. Ẹ wò ó nínú ètò ẹ̀rọ náà bóyá ó ti dé 9.00 tàbí ó ti kọjá rẹ̀.

Ní ti àwo, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan a máa fi ọṣẹ ìfọyín pa ojú ibi tí ó ti họ. Àwo PS3, PS4 àti PS5 jẹ́ Blu-ray, ohun tí a kọ sínú rẹ̀ kò jìn ju mìlímítà 0.1 lọ sí ojú àwo; ti DVD tí PS2 ń lò tó mìlímítà 0.6. Blu-ray tí ó bá họ jinlẹ̀ kò ní àtúnṣe, ọṣẹ ìfọyín yóò sì tún dá kún un ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Àkójọ Yàtọ̀ sí Ìkójọpọ̀ Pàǹtírí

Bí ọmọ bá fẹ́ kó géèmù jọ, ẹ má ṣe tètè bá a wí. Ẹni tí ń tọ́jú nǹkan ń kọ́ ìwà ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n kí àkójọ ní òdiwọ̀n, kí ó má baà di àpà. Ẹ fún un ní pẹpẹ kan ṣoṣo. Bí ó bá kún, kí ọ̀kan jáde kí òmíràn tó wọlé. Kí ó ní ìwé kékeré tí ó ń kọ orúkọ àwo, ọjọ́ tí ó rà á, iye tí ó rà á àti ẹni tí ó yá sí. Ìṣirò tí kò wù ú nílé ẹ̀kọ́ lè wù ú níbẹ̀.

Kí ó mọ̀ pé géèmù bọ́ọ̀lù ọdọọdún ni owó rẹ̀ ń já wálẹ̀ jù, nítorí pé bí ti ọdún tuntun bá ti jáde, ti àná ti di ogbó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó pé ọdún kan kí ẹ tó rà á. Àwo eré onítàn máa ń di owó rẹ̀ mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ìwọ̀nba ní ìparí ìran ẹ̀rọ sì ni ó máa ń ṣọ̀wọ́n lẹ́yìnwá ọ̀la. Ẹ wo àmì ọjọ́ orí lára páálí rẹ̀ pẹ̀lú. Ti ilẹ̀ Yúróòpù ń lo PEGI 3, 7, 12, 16 àti 18. FIFA jẹ́ 3, Grand Theft Auto V jẹ́ 18. Olówó pọ́ọ́kú tí kò yẹ ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjà ìrọ̀rùn.

Nǹkan kan tún wà tí ó kan ẹ̀sìn wa gbọ̀ngbọ̀n. Nínú àwọn géèmù bọ́ọ̀lù tuntun, wọ́n ń ta àpò tí a kò mọ agbábọ́ọ̀lù tí ó wà nínú rẹ̀ kí a tó sanwó. Ìjọba Belgium pe irú rẹ̀ ní tẹ́tẹ́ ní 2018, EA sì dá títa owó inú FIFA dúró níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Ọmọ tí ń fi àwo ṣeré láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní bá ìdẹkùn yìí pàdé. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé kí ẹni tí ó bá pàdánù sanwó fún ẹni tí ó borí, tẹ́tẹ́ náà ni, ìbáà jẹ́ nílé géèmù tàbí nínú yàrá wa. Bí a bá sì pe ìrun, páàdì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́.

Lórí ìtọ́jú, ẹ rántí ibi tí a ń gbé. Ooru Lọ́kọ́ja ní oṣù kejì àti oṣù kẹta kì í ṣeré, eruku ọyẹ́ kì í sì í fojú ré ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe ti ẹ̀rọ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má ṣe fi àwo sílẹ̀ níbi tí oòrùn ń ràn sí, kí àwo kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ike rẹ̀ ní òòró. Ẹ fi sitabiláísà sí i, kí ẹ sì pa á dáadáa nígbà tí iná kò bá dúró. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀ tí omi lè dé, kí ó rántí ọdún 2012 àti 2022 tí odò Ọya àti Bẹ́núè kún tí omi sì bo ọ̀nà Ganaja. Ibi gíga ni kí pẹpẹ àkójọ wà.

Ní àkótán, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ariwo ọjà lé yín sí gbèsè nítorí ẹ̀rọ tuntun, ẹ má sì ṣe fi ojú àìní wo ọmọ tí ó ń béèrè. Ẹ mú un lọ́wọ́ lọ sọ́jà, kí ẹ jọ yẹ àwo wò, kí ẹ jọ bi ọlọ́jà ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Ọlọ́hun bá wa fi ìbùkún sí owó wa, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a ní àti ohun tí a kàn ń lò. Àmín. Ó di oṣù tí ń bọ̀, in shaa Allaahu.